Ẹnu Abdulmajeed àti Ikọ́ Bàbá Àgbà

Ilé Ládàánì,
Ẹ̀yìn Mọ́sálásí,
Ìdí-Òsè, lọ́nà Ìsẹ́yìn.

Mùnírù ọmọ mi,

Àlàáfíà Ọlọ́run kó máa bá ọ gbé ní Mafoluku, ìwọ àti ìyàwó wa Nafeesah, àti ọ̀rẹ́ mi Abdulmajeed, ẹni tí mo tìtorí rẹ̀ kọ lẹ́tà yìí bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì lè kà á. Ṣé dáadáa lẹ wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ ní pápá ọkọ̀ òfurufú? Ṣé ẹ̀yìn kì í dùn ọ́ jù níbi tí ẹ ti ń gbé ẹrù àwọn arìnrìnàjò? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí o gbé ohun tó ju agbára rẹ lọ, ọkọ̀ òfurufú kò ní bínú gbé ìwọ àti ẹrù lọ sí ìlú òyìnbó láìjẹ́ pé o múra sílẹ̀. Àmín. Tí ẹ bá béèrè àwa náà, a wà, a dúpẹ́, àfi ti orúnkún ìyá rẹ tó máa ń sọ fún un pé òjò fẹ́ rọ̀, tí kì í sì í purọ́ tó rédíò.

O lè máa ṣe kàyéfì pé kí ló dé tí mo fi kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà lọ́wọ́ mi. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ gùn, káàdì kì í sì í dúró de ọ̀rọ̀ gígùn. Àti pé tí mo bá pè ọ́, ìyá rẹ yóò ti gba fóònù lọ́wọ́ mi kí n tó dé ìdí ọ̀rọ̀, á máa bi ọ́ bóyá o ti jẹun, bẹ́ẹ̀ ìwọ náà á máa dáhùn, ẹ̀yin méjèèjì á fi ọ̀rọ̀ ẹ̀bà jẹ káàdì mi tán. Lẹ́tà ni kò sẹ́ni tó lè gbà lẹ́nu mi. Dírẹ́bà tó ń ná Òṣòdì ni mo fi rán, jọ̀wọ́ wá omi tútù fún un.

Kí n kọ́kọ́ sọ ti ilé. Mọ́sálásí wa ti ní ẹ̀rọ gbohùngbohùn tuntun. Ọmọ bíbí abúlé wa kan tó rí towó ṣe ló rà á fún wa, ẹnu mẹ́rin ló ní, wọ́n gbé e kọ́ sókè, ọ̀kọ̀ọ̀kan kọjú sí ibi tó wù ú. Tí mo bá pe ìrun àsùbá báyìí, àwọn Fúlàní ẹ̀yìn odò ń gbọ́, màlúù wọn náà ń gbọ́. Ó yẹ kínú gbogbo ayé dùn. Àmọ́ ìwọ náà mọ̀ pé kí n tó pe ìrun, mo máa ń wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀hẹ́m, ẹ̀hẹ́m, kí ọ̀nà ọ̀fun lè ṣí, mà á wá dákẹ́ díẹ̀, kí n tó gbé ohùn. Bí bàbá mi ṣe ń ṣe é nìyẹn kó tó fi iṣẹ́ ládàánì lé mi lọ́wọ́. Nígbà tó jẹ́ ẹnu lásán là ń lò, ikọ́ náà mọ àyè ara rẹ̀, kì í kọjá ẹnu ọ̀nà mọ́sálásí. Ẹ̀rọ tuntun yìí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ikọ́ àti ìrun, gbogbo rẹ̀ ló ń pín kárí ìlú. Ni ìgbìmọ̀ bá pè mí. Wọ́n ní ikọ́ mi ń dẹ́rù ba àwọn ọmọdé, wọ́n ní aboyún kan ta gìrì lórí ẹní, wọ́n ní kí n lọ wo ikọ́ náà sàn. Mo ní ikọ́ kọ́, ìmúrasílẹ̀ ni. Wọ́n ní ohun yòówù kó jẹ́, kí n wá oògùn sí i. Inú bí mi, àmọ́ mo gbà fún wọn, mo ní n ó kọ̀wé sí ọ kí o fi owó oògùn ránṣẹ́. Fi ọ̀rọ̀ ikọ́ yìí sọ́kàn, mò ń padà bọ̀ sórí rẹ̀.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ tó gbé mi jókòó. Ọ̀rọ̀ ẹnu Abdulmajeed ni. Ọmọ ń súnmọ́ ọdún mẹ́ta, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò sì tíì yé ẹnikẹ́ni. Kì í ṣe pé kì í sọ̀rọ̀ o. Ha! Ọ̀rọ̀ kún inú rẹ̀ bíi ti alága ìpàdé. Látàárọ̀ ṣúlẹ̀ ló ń sọ ọ́, á na ìka, á mi orí, á bínú tí a kò bá tètè dá a lóhùn. Ìyá rẹ bi í lórí fóònù pé kí ló jẹ láàárọ̀, ọmọ náà sì fara balẹ̀ ṣàlàyé fún un títí, ìyá rẹ ń ṣe hẹ̀n-ẹ́n, hẹ̀n-ẹ́n, ó tún ń ṣe pẹ̀lẹ́ ọkọ mi, ó tún ń ṣe má dá wọn lóhùn. Nígbà tí wọ́n parí, mo ní kí lọmọ jẹ? Ìyá rẹ ní òun rò pé ẹ̀wà ni, àmọ́ ó jọ pé ẹnì kan ti jí ẹ̀wà náà.

Fóònù ni mo kọ́kọ́ dá lẹ́bi. Mo ní láti Mafoluku dé Ìdí-Òsè kì í ṣe ọ̀nà kékeré, ohùn ọmọdé kò sì tíì gbó, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé òkè tó wà láàárín wa ló ń gé e. Mo gbé fóònù lọ bá Àbdùlgàfár tó ń tún fóònù ṣe ní ẹ̀gbẹ́ ilé ìlọta. Mo ní ẹ̀rọ yìí ń jẹ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọmọ ọmọ mi, bá mi wo inú rẹ̀ bóyá àwọn ọ̀rọ̀ náà ṣì wà níbẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó mú búrọ́ọ̀ṣì kékeré, ó gbọn ihò tó wà nídìí fóònù, ìyẹ̀fun gàrí jáde. Gàrí o, Mùnírù! Mo ní a ti rí olè. Ó wá gbé ohùn tí Lèmọ́mù fi ránṣẹ́ sí mi, gbogbo rẹ̀ ṣe kedere. Ó gbé ti ìwọ, ó ṣe kedere. Ó gbé ti Abdulmajeed, bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ náà ló wà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo padà sílé, ọkàn mi kò balẹ̀.

Mo wá rántí obìnrin tó máa ń sọ fún wa pé káàdì wa ti tán. Ọ̀rọ̀ ẹnu obìnrin yẹn mọ́ gaara bí omi inú àmù. Mo ní ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ sọ tó báyìí, òun ló yẹ kó kọ́ ọmọ wa. Mo pè é. Ó kí mi káàbọ̀ dáadáa, ó ní tí n bá fẹ́ Yorùbá kí n tẹ nọ́ńbà, mo tẹ nọ́ńbà. Mo ní ẹ kú iṣẹ́ mà, ṣé àwọn ọmọ ń ṣe dáadáa, mo wá ro ẹjọ́ náà fún un láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò já lu ọ̀rọ̀ mi o, ó kàn ń bá tirẹ̀ lọ pé kí n tẹ nọ́ńbà mìíràn tí mo bá fẹ́ ra dátà. Mo ní dátà kọ́ ló gbé mi wá, ọmọ ni. Ó tún bẹ̀rẹ̀ láti orí, ohùn kan náà, kò bínú, kò pariwo. Ìyá rẹ ní àfàìmọ̀ kí etí obìnrin náà má di díẹ̀. Mo ṣàdúrà fún un, mo pa á. Ẹni tó ní sùúrù tó báyẹn, ọkọ rẹ̀ ń gbádùn o.

Ibi tí mo ti ń ronú ni mo ti rántí ohun tí mo rí nígbà tí mo wá kí yín ní Iléyá tó kọjá. Mo jókòó sí àgbàlá ilé yín, mò ń wò yín. Ẹnikẹ́ni tó bá ń sọ̀rọ̀ nínú ilé yẹn, tí ọkọ̀ òfurufú bá ti ń bọ̀ lórí òrùlé, á dúró sáàárín ọ̀rọ̀, á la ẹnu sílẹ̀, á gbé ọwọ́ sókè. Ẹni tó ń gbọ́ náà á dúró. Tó bá kọjá tán, wọ́n á mú un láti ibi tí wọ́n já a sí. Ìyá Ọmọlará, aládùúgbò yín, ń bá ọkọ rẹ̀ jà lójú mi, ọkọ̀ òfurufú dé, ìjà dúró, ó lọ, ìjà bẹ̀rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó gbàgbé èébú tó kàn nínú wọn. Ẹ̀yin àgbà mọ ibi tí ẹ já ọ̀rọ̀ sí, ọmọdé kò mọ̀. Ohun tí Abdulmajeed ń gbọ́ láti ọjọ́ tí ẹ ti bí i ni orí ọ̀rọ̀, ariwo, ìrù ọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ náà ló ṣe ń sọ ọ́ jáde. Ọmọ náà kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni, ohun tí ẹ tà fún un ló tún ń tà.

Nítorí náà mo fẹ́ kí o lọ bá ọ̀gá rẹ ní pápá ọkọ̀ òfurufú. Dọ̀bálẹ̀ fún un dáadáa, má fi ìkánjú ṣe é, kí o ní bàbá rẹ ní kí wọ́n jọ̀ọ́ kí wọ́n máa gba òkè Èjìgbò kọjá. Àwọn ará Èjìgbò pọ̀, ọ̀rọ̀ wọn náà pọ̀, tí díẹ̀ bá já nínú rẹ̀ kò ní hàn. Tí wọ́n bá ní ó jìnnà, kí wọ́n pín in, Ṣógúnlé lónìí, Mafoluku lọ́la, kó lè kárí. Ìwọ tí o ń bá wọn gbé ẹrù láti ọdún yìí wá, kò yẹ kí wọ́n fi ìyẹn dù ọ́.

Ìyá rẹ kò gba tèmi gbọ́. Ó ní láyé àwọn, tí ọ̀rọ̀ ọmọ bá pẹ́ lẹ́nu, inú agogo ni wọ́n ti ń fún un lómi mu, tí ahọ́n rẹ̀ á sì máa dún. Ó gbéra, ó lọ sí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ láti yá agogo. Wọ́n ní agogo ti fọ́ láti ọjọ́ tó ti pẹ́, irin inú táyà ọkọ̀ ajàgbé tí wọ́n gbé kọ́ igi máńgòrò ni wọ́n ń lù báyìí. O mọ ìyá rẹ, kò mọ bí wọ́n ṣe ń padà lófo. Ó bu omi sí irin náà lára, ó gba omi náà sínú ìgò, ó sì fẹ́ fi rán dírẹ́bà sí yín. Èmi ni mo gba ìgò náà tí mo gbé e sí ojú ìmọ́lẹ̀. Ó pọ́n bí epo. Mo ní Ìyá Mùnírù, ọmọ tó bá mu èyí, tó bá sọ̀rọ̀, ohùn ọkọ̀ ajàgbé ló máa fi sọ ọ́. Bí lẹ́tà yìí bá sì bá ìgò kankan wá, má fún un mu, fi fọ ẹsẹ̀.

Gbogbo èyí ṣì ń lọ, mò ń fi ṣe ẹ̀rín, àfi ìgbà tí o pè mí lọ́sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn. O ní àǹtí tó ń tọ́jú wọn ní jẹ́lé-ó-sinmi, èyí tó ń jẹ́ Diamond, ní èdè méjì ló ń da ọmọ láàmú. O ní ó ní kí ẹ fi Yorùbá sílẹ̀ nínú ilé pátápátá, Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni kí gbogbo ènìyàn máa bá a sọ títí ẹnu rẹ̀ yóò fi là. O wá rọra fi kún un pé kí èmi náà jọ̀ọ́ dáwọ́ ohùn tí mo máa ń fi ránṣẹ́ láràárọ̀ dúró, kó má baà tún da ọmọ rú. Mo ní ó dáa. Ìwọ náà gbọ́ bí mo ṣe sọ pé ó dáa.

Mùnírù, kò dáa. Ó dùn mí wọra. Ṣé o rántí ọjọ́ tí a sọ ọmọ náà lórúkọ? Èmi ni mo gbé e lọ́wọ́, tí mo fi ẹnu mi kan etí ọ̀tún rẹ̀, tí mo pe ìrun sí i kó tó gbọ́ ọ̀rọ̀ ayé kankan. Ó ń sunkún, ó sì dákẹ́. Láti ìgbà tó ti lè jókòó, kò sí àsùbá tí n kì í gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu mi, kí n gba ìpè náà sílẹ̀, kí n fi ránṣẹ́ sí Nafeesah lórí Wasáàpù, kó sì fi sí ẹ̀gbẹ́ orí ọmọ. N kò lè gbé e jó, n kò lè fà á lọ́wọ́ lọ mọ́sálásí, ohùn mi nìkan ni mo ní tó lè dé Mafoluku láìsanwó ọkọ̀. Ìyẹn ni o ní kí n gbé mì.

Mo gbìyànjú o. Mo ní tí Gẹ̀ẹ́sì bá ni ọ̀nà, kí n kọ́ ọ, àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo ra ìwé ABC, èyí tó ní àwòrán. Wọ́n ní A ni ápù. N kò rí ápù rí ní Ìdí-Òsè, kí ni mo fẹ́ sọ nípa rẹ̀? Wọ́n ní B ni bọ́ọ̀lù, eegun mi kò gba bọ́ọ̀lù mọ́. Wọ́n ní C ni káàtì, ìyẹn ológbò, ìyá rẹ kò sì fẹ́ ológbò. Mo ronú sí i pé tí ọmọ yìí bá dé ní Iléyá, a ó kí ara wa gúdù mọ́nìn, a ó sọ ti ápù, a ó sọ ti bọ́ọ̀lù, tí a bá dé ọ̀dọ̀ ológbò, ọ̀rọ̀ ti tán láàárín èmi àti ọmọ ọmọ mi kan ṣoṣo. Ṣé ògbufọ̀ ni n ó máa wá láti súre fún un? Ta ló máa sọ fún un pé báyìí ni bàbá bàbá rẹ̀ ṣe ń ṣe? Mo ti ìwé náà bọ abẹ́ ìrọ̀rí. Mo dáwọ́ ohùn dúró, nítorí ìwọ lo bí ọmọ.

Ìgbà tí o tún wá sọ pé obìnrin tó ń kọ́ ọmọ ní ọ̀rọ̀ sísọ ní ilé ìwòsàn ní kí ẹ kọ́kọ́ lọ yẹ etí rẹ̀ wò, mo fẹ́ gbaná jẹ. Ẹ sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé obìnrin yìí máa ń jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú ọmọ, tí wọ́n á jọ máa fẹ́ ìfófòó ọṣẹ sáfẹ́fẹ́, tí ẹ á sì sanwó fún un. Mo ní kí ìyá rẹ ra ọṣẹ pamọ́, bóyá iṣẹ́ náà á délé wa lọ́jọ́ kan. Àmọ́ etí ṣe jẹ́? Ẹnu ló ń dá wàhálà sílẹ̀, etí lẹ fẹ́ mú. Ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn, ṣé imú ló máa na sí dókítà? Àti pé etí yẹn, èmi ni mo fi ìpè ìrun ṣí i. Mo sọ fún ìyá rẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi iná wo inú etí tí mo pe ìrun sí. Bí mo ṣe wí nìyẹn, mo sì gbóná sí i gan-an. Àmọ́ tí mo bá dá wà, ẹ̀rù ń bà mí, Mùnírù. Mò ń rò ó pé tó bá jẹ́ pé lóòótọ́ ni ọmọ náà kò gbọ́ ńkọ́? Tó bá jẹ́ pé gbogbo ìpè tí mo ń pè láti ọjọ́ yìí wá, afẹ́fẹ́ ni mò ń pè é fún?

Ó wá di Jímọ̀ tó kọjá yìí. Mo ti ìrun àsùbá dé, mo jókòó sórí àga mi ní ẹnu ọ̀nà, fóònù ké. Nafeesah ló fi ohùn ránṣẹ́. Mo rò pé ó ń kí mi ni, mo tẹ̀ ẹ́. Ohun tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ni ọkọ̀ òfurufú, mo ní àwọn ọ̀tá wa tún ti dé. Ọkọ̀ náà kọjá lọ, ilé parọ́rọ́. Ni mo bá gbọ́ ikọ́ ọmọdé. Ẹ̀hẹ́m, ẹ̀hẹ́m.

Ọmọ náà dákẹ́ díẹ̀. Ó wá gbé ohùn.

Mùnírù, kò sí ọ̀rọ̀ kan tó mọ́ nínú ohun tó ń wí, n kò ní purọ́ fún ọ. Ẹnu rẹ̀ ń lọ bó ṣe máa ń lọ. Àmọ́ ibi tí mo ti máa ń fa ohùn, ó fà á. Ibi tí mo ti máa ń mí, ó mí. Ibi tí mo ti máa ń rọ ohùn sílẹ̀ kí n tó tún gbé e, ó rọ̀ ọ́ sílẹ̀, ó dúró, ó tún gbé e. Títí dé ìmí ẹ̀dùn kékeré tí mo máa ń mí tí mo bá pè é tán, èyí tí ẹ̀rọ gbohùngbohùn náà ń gbé jáde, tí ìgbìmọ̀ tún ń tìtorí rẹ̀ bá mi jà. Ó mí in, ààà, bí àgbàlagbà tó sọ ẹrù kalẹ̀.

Nafeesah wá sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní ẹ má bínú, Bàbá. Ó ní láti ìgbà tí ohùn mi kò ti wá mọ́, ọmọ náà kò yéé jí lákòókò yẹn, á wo fóònù, á gbọ̀n ọ́n, á fi sétí, á sunkún. Ó ní láàárọ̀ yìí kò sunkún. Ó wọ́ àpótí, ó gun orí rẹ̀, ó kọjú sí ògiri, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo etí, ó pè é fúnra rẹ̀. Ó ní Ìyá Ọmọlará, tó jẹ́ oníṣọ́ọ̀ṣì, ti yojú láti dúpẹ́, pé òun ti ń pẹ́ dé ibi iṣẹ́ láti ọjọ́ tí n kò ti jí òun mọ́.

Mo sunkún. Kò sí ohun tí mo fẹ́ fi pamọ́ níbẹ̀. Ìyá rẹ sáré jáde, ó rò pé ẹnì kan ló kú, mo ní jókòó kí o gbọ́. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó dé ibi ikọ́, ìyá rẹ pàtẹ́wọ́, ó ní yéè, ikọ́ rẹ nìyẹn! Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú òun náà. Láti ọjọ́ náà kò sí ẹni tó wọ ilé wa tí kò tíì gbọ́ ọ, Lèmọ́mù gbọ́ ọ, Àbdùlgàfár gbọ́ ọ, mo pe obìnrin káàdì náà, mo jẹ́ kí òun pàápàá gbọ́ ọ.

Ọmọ mi, gbọ́ ohun tí mo wí. Mú ọmọ náà lọ yẹ etí wò. N kò jà mọ́, n kò gbaná jẹ mọ́, ẹni tó mọ iṣẹ́ ló ní kí ẹ lọ, ẹ lọ. Ọmọ tó gbọ́ ikọ́ mi láti Ìdí-Òsè, ọkàn mi balẹ̀ sí ohun tí wọ́n máa bá níbẹ̀, àmọ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n wò ó, kí wọ́n wí i. Kí obìnrin onífófòó ọṣẹ sì máa bá a ṣeré rẹ̀ lọ, n kò tún ní fi ṣe ẹlẹ́yà. Ṣùgbọ́n bá mi bi í lójúkojú, kì í ṣe Àǹtí Diamond o, òun gan-an ni kí o bi, pé ṣé ilé tó bá ní ilẹ̀kùn méjì, ọmọ kì í rí ọ̀nà wọ̀ ọ́ ni? Kí Diamond máa sọ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ níbi iṣẹ́ rẹ̀, n kò bá a jà, Ọlọ́run má jẹ́ kó sọnù. Nínú ilé tìrẹ, bá ọmọ rẹ sọ èdè tí mo bá ọ sọ. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Má sì bá Nafeesah jà pé ó fi ohùn náà ránṣẹ́ láìsọ fún ọ. Tí o bá bá a jà, èmi lo bá jà, ọwọ́ mi sì ṣì le.

Ó wá ku ti owó. Bá mi fi owó dátà ránṣẹ́, tó máa pẹ́ lọ́wọ́, nítorí láti ọ̀la àsùbá ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀ padà. Fi owó ọkọ̀ sí i kí n lè wá wò yín kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Orúnkún ìyá rẹ ní òróró ìpara ni òun fẹ́, èyí tó ń ta ni lára. Tí ó bá ṣẹ́ kù, ra ápù kan fún mi, kí n kúkú mọ ohun tí wọ́n ń pariwo.

Ti owó oògùn ikọ́, má fi ránṣẹ́. Mo ti sọ fún ìgbìmọ̀ pé kí wọ́n gbé ẹnu ẹ̀rọ wọn jìnnà sí mi díẹ̀ tí wọ́n bá fẹ́, kí aboyún sì máa fi òwú dí etí. N kò ní wo ikọ́ yìí sàn. Ọmọ kan wà ní Mafoluku tó ń kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ lọ́wọ́ mi, ikọ́ nìkan ló ṣì mọ̀ ọ́n sọ dáadáa. Tí mo bá yọ ọ́ kúrò, níbo ló ti máa bẹ̀rẹ̀?

Ọlọ́run yóò la ohùn Abdulmajeed. Ohun rere ni yóò máa ti ẹnu rẹ̀ jáde, ohun rere ni etí rẹ̀ yóò máa gbọ́. Ìwọ Mùnírù, bí o ṣe ń gbé ẹrù àwọn tó ń rìnrìn àjò, Ọlọ́run yóò bá ọ gbé tìrẹ. Nafeesah kò ní sunkún ọmọ rẹ̀, yóò jẹun ọmọ náà kalẹ́. Ojú á tún ojú rí ní ayọ̀.

Tí o bá ka lẹ́tà yìí tán, pe ọ̀rẹ́ mi. Tí kò bá yé e, má ṣàlàyé. Kàn wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì fún un, yóò mọ ẹni tó kọ ọ́.

Èmi ni bàbá rẹ,
Abdulhameed, Ládàánì Ìdí-Òsè.